Ta Ló Bá Yín Wọ Bàtà?

Ẹni tó bá jáde níléèwé girama tí kò tíì rí yunifásítì wọ̀, orúkọ méjì ló ń jẹ́. Àwọn ẹbí ẹ̀ á ní ó ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa gbà á wọlé. Àwọn aládùúgbò á ní kò níṣẹ́. Èmi fúnra mi fi ẹ̀kẹta kún un: Agbàkóòdù.

Kílíníìkì Dókítà Ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyànà Ìbà, ni mo ti ń gba kóòdù. Màámi ti kó padà sí Abẹ́òkúta nígbà yẹn. Wọ́n ní ká jọ máa lọ, mo ní rárá o, mo fẹ́ dúró ti yunifásítì kó má bàa sá lọ. Kò sì sá lọ lóòótọ́. Láràárọ̀ ni mò ń rí àwọn tá a jọ jókòó ní kíláàsì tí wọ́n ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Wọ́n á juwọ́ sí mi bí èèyàn ṣe ń juwọ́ sí gétímáàn. Èmi náà á juwọ́ padà bíi gétímáàn.

Kí n tètè sọ irú dókítà tí Dókítà jẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n ń to eegun tó ṣẹ́ ni. Rárá. Ọ̀pá ẹ̀yìn ni tiwọn. Tí eegun ẹ̀yìn bá ti le gbagidi tàbí tí kò jókòó dáadáa mọ́, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Òkè òkun ni wọ́n ti kọ́ ọ, orúkọ iṣẹ́ náà sì gùn débi pé ẹni tó kọ pátákó wa kò rí àyè kọ ọ́ tán, ó ní láti ká a wá sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè wọ́n ní Dókítà Ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá gbé ọwọ́ lé èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa gbọ́ "kà!" bí ìgbà tí igi ìdáná ṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mi ò mọ ìgbà tí mo dé ìta. Dókítà yọjú láti fèrèsé.

"Ṣé ìwọ ni mo tẹ̀ ni?"

Iṣẹ́ kóòdù kò le, òun ni wọ́n ṣe gbé e fún mi. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Ìbà àti Òkókómàíkò, púpọ̀ nínú wọn ló ní ìnṣọ́ránsì ìlera. Tí irú wọn bá dé, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n àfi tí mo bá pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kí wọ́n fún wa ní kóòdù, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó jọ nọ́ńbà ọkọ̀. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé, "Ẹ tọ́jú ẹ̀, ọrùn wa ló wà." Tí kò bá sí kóòdù, aláìsàn á jókòó sórí bẹ́ńṣì wa, á máa retí ẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń retí òjò.

Obìnrin kan náà ló sábà máa ń gbé fóònù lọ́hùn-ún. Mo sọ ọ́ ní Àǹtí Kóòdù. Mi ò rí i rí. Ó lè jẹ́ pé mo tiẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ mo máa ń kí i bí ẹni ń kí ìyàwó pásítọ̀, torí ẹni tí kóòdù bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, àgbà ni.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí wa. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ariwo etí."

"Bọ̀ọ̀dá Kílíníìkì, ẹ tún ti dé. Mélòó lẹ fẹ́ rà lónìí?"

"Ẹ bá mi di ẹyọ kan. Ẹ fi ènì sí i."

"Ìnṣọ́ránsì kì í ní ènì."

Ká sòótọ́, lọ́pọ̀ ọjọ́, ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń gùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá èèyàn sọ láti àárọ̀. Ní ilé tí mò ń gbé, àwọn ọmọ yunifásítì ló yí mi ká. Wọ́n ń yá ìwé lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sì ń bú àwọn lẹ́kṣọ́rà wọn. Èmi náà máa ń bá wọn bú lẹ́kṣọ́rà láti inú yàrá tèmi, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mi ò sí níbẹ̀.

Dókítà ní tiwọn kò fẹ́ gbọ́ ìnṣọ́ránsì sétí. Wọ́n ní àwọn èèyàn yẹn rò pé masáàjì làwọn ń ṣe. Àwọn náà lọ́hùn-ún sì sọ pé agbéraga ni Dókítà. Tí mo bá fi fóònù lé Dókítà lọ́wọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka eegun, ìkẹrin, ìkarùn-ún, iṣan tó há sáàárín, títí ẹni tó wà lọ́hùn-ún á fi ní, "A máa pè yín padà, sà." Wọn kì í pè padà.

Àárín ìjà yìí ni Ìyá Olùkọ́ bọ́ sí. Ará Èkìtì ni wọ́n, tíṣà pámárì, wọ́n ń dá gbé nínú ẹsitéètì Ìbà. Àwọn ọmọ wọn ti rìn jìnnà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí tábìlì àwọn ọmọ kéékèèké ti wá gba ẹ̀yìn wọn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ọ̀gá iléèwé wọn ti sọ fún wọn pé tí táàmù tuntun bá bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò bá lè dúró níwájú kíláàsì, kí wọ́n kọ̀wé fẹ̀yìn tì.

"Mi ò lè jókòó sílé kí n máa wo ògiri," ni wọ́n sọ fún Dókítà. "Ògiri kì í nawọ́ sókè."

Dókítà ní ẹ̀yìn yẹn máa dìde, àmọ́ kí wọ́n má pa ọjọ́ jẹ, kí wọ́n sì yéé wọ sílípáàsì. Wọ́n ra bàtà dúdú onókùn kan tó di ẹsẹ̀ mú. Bí mo ṣe gba iṣẹ́ kejì nìyẹn. Kí wọ́n tó gun bẹ́ẹ̀dì, màá kúnlẹ̀, màá tú okùn. Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, màá tún kúnlẹ̀, màá so ó. Wọn kì í jẹ́ kí n so ó lọ́fẹ̀ẹ́.

"Mẹ́rìndínlógún lọ́nà méje?"

"Mà, ẹ jẹ́ kí n so tòsì tán ná."

"Okùn ò di ẹnu ẹ. Ìwọ lo fẹ́ lọ ṣe yunifásítì yìí?"

Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń so ó pẹ́. Okùn bàtà kì í gba àkókò tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí nǹkan míì wà fún láti ṣe.

Ẹ̀yìn wọn ti ń dìde, ìsinmi iléèwé sì ti dé ìdajì, ni mo bá pe Àǹtí Kóòdù láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Ìyá Olùkọ́ wà lórí bẹ́ńṣì, wọ́n fi ìrọ̀rí tẹ́yìn.

"Kò sí kóòdù o," ló sọ. "Wọ́n ti ti fáìlì wọn pa."

"Ta ló tì í?"

"Èmi náà ni, Bọ̀ọ̀dá. Tí ìtọ́jú bá ti dé ìdajì, a gbọ́dọ̀ pe aláìsàn ká bi í pé ṣé ara ti yá. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní ara le koko, wọ́n ní kò sí àárẹ̀ kankan lára àwọn, ògo ni fún Ọlọ́run. Wọ́n tiẹ̀ gbàdúrà ọkọ rere fún mi. Mo ṣe àmín."

Mo fọwọ́ bo ẹnu fóònù. "Mà, ṣé ẹ sọ fún ìnṣọ́ránsì pé ara yín ti yá?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó wo ọmọ tó kọ ìdáhùn síta ìlà.

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ẹni tí mi ò mọ̀ rí pè mí ní kùtùkùtù, ó ní ṣé ara yá. Kí n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn fún un? Láti ẹnu tèmi ni Èṣù á ti gbọ́ pé ẹ̀yìn ń dùn mí? Mo ti gba ìwòsàn mi. Ó kù kó dé ni."

Ìyá tèmi náà ì bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ì bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Dókítà jáde, wọ́n gba fóònù, wọ́n sì ní kí wọ́n fún àwọn ní ọ̀gá. Ọ̀gá wọn, tí òun náà jẹ́ dókítà, bọ́ sórí ẹ̀rọ. Eegun ìkẹrin jáde, ìkarùn-ún tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà bó ṣe ń sọ pé, "Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ń tẹ̀ ní ara òun yá!" Dókítà ní, "Kí lẹ mọ̀ nípa ara?" Wọ́n pa fóònù, wọ́n sì ní kí Ìyá Olùkọ́ bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn á ṣe é láìsí kóòdù.

Ìyá Olùkọ́ kọ̀. "Mo dúpẹ́, Dókítà, àmọ́ kì í ṣe àánú ni mo wá gbà. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ìnṣọ́ránsì yẹn lára mi. Ẹ̀tọ́ mi ni kí wọ́n fún mi." Wọ́n gbára lé ògiri, wọ́n dìde. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn síbẹ̀, mi ò rí okùn kankan tú. Mo kàn bá wọn gbé báàgì dé ìdí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn wọn ti tún ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, màámi pè mí.

"Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni mo wà, mà."

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun dáadáa, mà."

Gààrí ni mò ń mu. Kò ní ṣúgà, torí pé ṣúgà ti tán láti ọjọ́ mélòó kan, mo sì ti sọ fún ara mi pé ó ń fa jẹ̀díjẹ̀dí. Màámi gbàdúrà, mo ṣe àmín, a sọ fóònù kalẹ̀. Mo jókòó ti ife mi. Ó wá ṣe mí bíi pé mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn níbì kan lọ́jọ́ náà. Ara le koko, ògo ni fún Ọlọ́run. Èmi àti Ìyá Olùkọ́, olórin kan náà ni wá.

Lọ́jọ́ kejì, kí Dókítà tó dé, mo pe Àǹtí Kóòdù.

"Tó bá jẹ́ ti fáìlì ìyá yẹn ni," ó ní, "dókítà yín ti bú wa tán lánàá. Kò ṣẹ́ èébú kankan kù fún yín."

"Mi ò wá bú yín, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín. Tí ìyá yín bá ní ṣé dáadáa lẹ wà, kí lẹ máa ń sọ?"

"Mo máa ń ní dáadáa ni."

"Ṣé dáadáa sì ni?"

"Ọmọkùnrin yìí, ọ́fíìsì ni mo wà o." Ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Ọrùn ń dùn mí. Fóònù yìí kì í kúrò léjìká mi. Mo délé tán, kò sí ẹni tí mo lè ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ wá rí dókítà wa."

"Ta ló máa fún mi ní kóòdù?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ó fi sú wa. Nígbà tó tán, mo ní, "Ohun tí Ìyá Olùkọ́ ṣe fún yín náà nìyẹn. Wọ́n fún yín ní èyí tí wọ́n máa ń fún èèyàn."

"Kí ni kí n wá bi wọ́n? 'Ṣé ara ti yá' ni wọ́n ní ká máa bèèrè." Ó ronú. "Ìyá tèmi, tí mo bá ní ṣé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ọ̀tá àwọn ló ń dùn. Àmọ́ tí mo bá ní, 'Ta ló lọ ká aṣọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lónìí?', wọ́n á ní aládùúgbò ni. Màá ti mọ̀."

Mo ní, "Ẹ bi Ìyá Olùkọ́ ní ti bàtà."

Ó fi fóònù kejì pè wọ́n, ó sì gbé e sítòsí èyí tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ohùn wọn ń bọ̀ bíi pé láti inú ìkòkò.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ìnṣọ́ránsì ni. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́ o. Kò sí ìṣòro kankan."

"Ta ló bá yín wọ bàtà láàárọ̀ yìí, mà?"

"Ọmọ ilé kejì ni. Tó bá ń lọ síbi lẹ́sìn ìgbà ìsinmi, ó máa ń yà bá mi so ó."

"Lánàá ńkọ́?"

"Òun náà ni. Ọmọ dáadáa ni."

"Lọ́jọ́ Sátidé, mà?"

"Kò sí lẹ́sìn lọ́jọ́ Sátidé."

"Ta ló wá ń bá yín so ó?"

"Mi kì í wọ bàtà lọ́jọ́ Sátidé. Mi kì í jáde."

Mo di fóònù mú. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń kúnlẹ̀ tú okùn yẹn, mi ò bi ara mi rí pé ta ló so ó kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rò pé inú kílíníìkì wa ni bàtà náà ń gbé.

Àǹtí Kóòdù padà sórí ẹ̀rọ. Ó fọn imú. "Mo máa lọ bá ọ̀gá wa. Wọ́n á fẹ́ bá dókítà yín sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n má dárúkọ eegun."

Ẹ fojú inú wo èmi, ọmọ girama, tí mo lọ dúró níwájú ẹni tó kàwé dé òkè òkun. Mo ní, "Dókítà, tí wọ́n bá pè, ẹ bá mi dárúkọ bàtà. Ẹ fi eegun sílẹ̀."

"Bàtà wo?"

Mo ṣàlàyé. Ojú wọn kọ́kọ́ le, ó wá rọ̀. Nígbà tí ọ̀gá ìnṣọ́ránsì pè, mo rí i pé nọ́ńbà eegun ti dé ètè wọn. Wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní, "Kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà ẹ̀. Kò lè dúró kọ ìlà mẹ́ta sára pátákó. Ibi tí mo fẹ́ gbé e dé ni kó lè ṣe méjèèjì fúnra ẹ̀."

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀yin náà, kí ló dé tẹ́ ò sọ báyìí látijọ́?"

"Ẹ ò bèèrè," Dókítà fèsì. Wọ́n sì rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì, ẹ̀rín àwọn tí ojú ń tì.

Kóòdù dé. Mo gba kẹ̀kẹ́ lọ sínú ẹsitéètì láti lọ sọ fún Ìyá Olùkọ́, bíi pé fóònù ti parẹ́ láyé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

"Ta ló ní kí wọ́n bi mí ní ti bàtà?"

"Ẹ̀mí ni, mà."

"Ẹ̀mí tó ń jẹ gbèsè mẹ́rìndínlógún lọ́nà méje," wọ́n ní, wọ́n sì kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má bàa rí ojú wọn.

Àtìgbà yẹn ni nǹkan ti yí padà láàárín Dókítà àti ìnṣọ́ránsì. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí aláìsàn kò lè ṣe sókè fáìlì, kí wọ́n tó kọ eegun sísàlẹ̀: kò lè pọnmi, kò lè wa ọkọ̀ jìnnà, kò lè gbé ọmọ sẹ́yìn. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún náà yéé bèèrè pé ṣé ara ti yá. Ọ̀gá wọn wá jókòó lórí bẹ́ńṣì wa lọ́jọ́ kan, ó wo bí Dókítà ṣe ń ṣe é, ó gbọ́ "kà!", ó sì fò sókè. Inú mi dùn pé èmi nìkan kọ́.

Àárín wọn gún débi pé wọn kò fẹ́ mú wa dúró mọ́. Kóòdù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fúnra ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Tí aláìsàn bá ti jókòó, ó ti dé. Gbogbo èèyàn yọ̀. Dókítà gbá mi léjìká, wọ́n ní iṣẹ́ mi ti fúyẹ́. Ó fúyẹ́ lóòótọ́. Mo fi ọjọ́ kan pe nọ́ńbà yẹn láìní ìdí kankan, mo ti ní "Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí wa" lẹ́nu tán. Ohùn ẹ̀rọ ló dáhùn, ó ní kí n tẹ oókan. Mo tẹ oókan. Ó ní kí n tẹ eéjì. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá Àǹtí Kóòdù ti rí ẹni bá a tẹ ọrùn ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí iléèwé wọlé ni Ìyá Olùkọ́ wá kẹ́yìn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi sì ti kúnlẹ̀ bí ìṣe mi. Wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n jókòó, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, wọ́n so tọ̀tún, wọ́n so tòsì. Èmi ṣì wà lórí eékún, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì tí kò sẹ́ni tó ṣẹ̀.

"Dìde," wọ́n ní. "Ilẹ̀ yẹn tutù."

Mo dìde. Mo ní, "Méjìléláàádọ́fà, mà."

"Kí ni méjìléláàádọ́fà?"

"Mẹ́rìndínlógún lọ́nà méje."

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n rọra fọwọ́ gbá mi lórí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọ kíláàsì kìíní, wọ́n sì rìn jáde lọ wọ kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn wọn nàró. Mo wò wọ́n títí mi ò fi dá kẹ̀kẹ́ náà mọ̀ mọ́ láàárín àwọn yòókù.

Nígbà tí mo délé, màámi pè.

"Ṣé dáadáa lo wà?"

Mo ti ya ẹnu. "Dáadáa ni" ti dé orí ahọ́n mi. Lẹ́yìn ògiri, àwọn ọmọ yunifásítì ń pín oúnjẹ, ẹnì kan ń sọ pé ẹran tòun dà.

"Màámi, ẹ bi mí ní nǹkan míì."

"Nǹkan míì bíi kí ni?"

"Ẹ bi mí pé ta ni mo bá jẹun."

Mo gbọ́ tí wọ́n ti nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìjókòó kan dún gìrì, bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó.

"Ta lo bá jẹun lónìí, ọmọ mi?"

Mo wo ife gààrí mi. Ẹ̀fẹ̀ kan ti wá sí mi lọ́kàn, pé èmi àti ẹ̀fọn la jọ jẹun. Mi ò ṣe é.

"Èmi nìkan ni, mà," mo ní.